Ìka Ẹsẹ̀ Mẹ́ta àti Àga Lọ́jà

Ẹ kò ní gbà mí gbọ́, mo ti mọ̀. Ìyàwó mi tó ti ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ yìí láti ọdún mẹ́tàdínlógún kò tíì gbà á gbọ́ tán. Àwọn ọmọ ilé ìwé tí mo ń kọ́ ní Òṣogbo níbí pàápàá ti pín sí ọ̀nà mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ ìrìn mi. Àwọn kan ní ọ̀nì ló gé ẹsẹ̀ mi jẹ nínú odò Ọ̀ṣun. Àwọn kan ní ogun ni mo lọ. Àwọn tó kù, tí mo rí i pé wọn kò ní pẹ́ di olóṣèlú, ní mo tà á ni. N kò já ẹnikẹ́ni nínú wọn ní irọ́, nítorí irọ́ wọn dùn ju òótọ́ mi lọ. Òótọ́ mi kò gùn: ó ku díẹ̀ kí n di Lọ́jà, ọba ìlú wa, ìka ẹsẹ̀ kan ni kò jẹ́ kí n jẹ ẹ́, oyè náà ló sì sọ ìka kan di mẹ́ta.

Ìlú wa kò tóbi. Ẹni tó bá ń ti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́, tó bá tòògbé díẹ̀ kó tó dé Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ó ti kọjá wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n a ní Lọ́jà tó ń ṣàkóso wa, a ní ààfin tí a fi páànù bò, a sì ní ẹjọ́ ààlà ilẹ̀ tí a ti ń bá àwọn aládùúgbò wa ṣe kí bàbá mi tó hu irùngbọ̀n. Ẹjọ́ yìí ló gbé mi dé ìlú òyìnbó. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni, òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, èmi ni mo mọ̀wé jù nínú ilé wa, ni àwọn àgbà bá pinnu pé kí n lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́yà wá, kí n wá gba ilẹ̀ wa padà. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo fẹ́ràn òfin. Bí wọ́n bá bi mí, ǹ bá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ta ni yóò kọ ìlú òyìnbó?

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí níbẹ̀ kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi. Oòrùn ni. Ó yọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, ó mọ́lẹ̀ kedere, mo bọ́ síta láì wọ kóòtù, àfi bíi pé mo wọ inú kànga. N kò mọ̀ pé oòrùn náà lè máa ṣe àgàbàgebè. Èkejì ni pé mo rí bàbá arúgbó kan tó ń dúró de bọ́ọ̀sì, mo tẹrí ba, mo kí i kú àárọ̀, ló bá fọwọ́ tẹ àpò rẹ̀ wò bóyá owó rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Mo ṣe ìdánwò òfin lẹ́ẹ̀mejì, mo fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì. Mo kó ẹrù mi lọ sí ìlú etí òkun kan ní apá àríwá, níbi tí wọ́n ti ń gba ènìyàn síṣẹ́ ní ilé tí wọ́n ń kó ẹja pamọ́ sí. Yìnyín ni gbogbo ibẹ̀. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, mo ń ti àpótí ẹja láti yàrá tútù kan bọ́ sí yàrá tó tutù jù ú lọ. Nínú lẹ́tà tí mo ń kọ sílé, mo máa ń ní ẹ̀kọ́ ń lọ dáadáa. Irọ́ kọ́, ó ń lọ lóòótọ́, èmi ni n kò bá a lọ mọ́.

Bọ̀dá Jékọ́bù ni mo ń kọ ọ́ sí. Ọmọ ìyá mi ni, ó fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ, akọ̀wé rélùwéè ló sì jẹ́ ní Òṣogbo. Òun ló máa ń ti Òṣogbo gbé lẹ́tà mi lọ sílé lọ́jọ́ Sátidé láti kà á sí àwọn àgbà létí. Mo gbọ́ pé ó mọ̀ ọ́n kà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìyá kan fi máa ń sunkún ayọ̀. Báyìí ni mo ṣe di lọ́yà ńlá ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, nígbà tí mo ń rùn bí ẹja ní ilẹ̀ òyìnbó.

Ìyá onílé mi níbẹ̀ kì í bá mi jà. Bí mo bá kàn dìde lórí àga rẹ̀, yóò mú aṣọ, yóò nu ibi tí mo jókòó sí, yóò sì máa rẹ́rìn-ín sí mi bó ṣe ń nù ún, bí ẹni ń bá ọmọ kékeré ṣeré. Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbé inú ilé yẹn. Nígbà tó yá, mo máa ń nàró jẹun.

Bí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ó ti tó ọdún méjìlá tí mo ti kúrò nílé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo bọ́ bàtà iṣẹ́ mi, mo rí i pé ìbọ̀sẹ̀ ọ̀tún ti rin fún ẹ̀jẹ̀. Ìṣó kékeré kan ti gba ìsàlẹ̀ bàtà wọlé, mo sì ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ láì mọ nǹkan kan. Ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Inú mi dùn. Mo ní ẹsẹ̀ mi ti wá le bí ẹsẹ̀ ọkùnrin. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ náà wú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Bí ó bá jẹ́ òyìnbó ni mí, ojú kan ni wọn ì bá fi rí i. Èmi tí gbogbo ara mi dúdú, mo rò pé ó ń padà sí àwọ̀ rẹ̀ ni. Ó ti ń rùn náà, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbóòórùn ìka kan láàárín ẹgbẹ̀rún ẹja?

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ ìtọ̀ mi wò, wọ́n ní àtọ̀gbẹ ni. Ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ mi, òun ló pa ẹsẹ̀ mi tí kò fi mọ ìrora mọ́. Èmi tí ìyá onílé ń ti ṣúgà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù fún. Dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ kò dàgbà jù mí lọ. Ó tẹ ìka náà, ó bi mí bóyá ó dùn mí, mo ní rárá, ó sì mi orí bíi pé èsì tí mo fún un yẹn ló burú jù. Ó ní ìka náà ti kú. Ó ní kí àwọn gé e ní ọjọ́ Ẹtì, torí bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, yóò ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àgbà nọ́ọ̀sì tó wà ní wọ́ọ̀dù wa ló gbé ìwé tí n óò fọwọ́ sí wá. Sísítà ni gbogbo wa ń pè é. Obìnrin ará Ireland ni, ọwọ́ rẹ̀ pupa bíi ti ẹni tó ń fọṣọ, ó sì ń pe gbogbo ènìyàn ní olólùfẹ́ rẹ̀, títí kan ọkùnrin tó ń gbálẹ̀. Mo gba gègé lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dá a padà fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Lẹ́tà Bọ̀dá Jékọ́bù kan wà nínú àpò mi, ó dé ní ọjọ́ tí n óò lọ rí dókítà gan-an. Lọ́jà wa ti wàjà. Ilé wa ni oyè kàn. Àwọn àgbà sì ti fẹnu kò pé àwọn kò fẹ́ àgbẹ̀, àwọn kò fẹ́ akọ̀wé, lọ́yà tó wà ní ìlú òyìnbó làwọn fẹ́, kó wá jókòó sórí àga kó sì fi òfin gba ilẹ̀ wa.

Àṣà kan sì wà ní ilé wa. Ẹni tí a bá fẹ́ fi jẹ Lọ́jà, ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ oyè, àgbà jùlọ nínú àwọn ọmọ-osú, ìyẹn àwọn obìnrin tí a bí sínú ilé, ni yóò wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó ṣe ń wẹ̀ ẹ́ ni yóò máa ka ìka rẹ̀ sókè. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, yóò dúró níwájú ìlú, yóò búra pé odindi ni ọkùnrin náà, kò sí ohun tó dín lára rẹ̀. Ẹni náà yóò wá fi ẹsẹ̀ lásán rìn láti ilé wa dé ààfin. Bàbá mi àgbà kan wà tí àdá gé ṣóńṣó ìka ọwọ́ rẹ̀ sọnù lóko. Ṣóńṣó lásán ni. Wọ́n fò ó, wọ́n fi àbúrò rẹ̀ jẹ.

Bọ̀dá ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé aago méjì ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni òun yóò wà nídìí tẹlifóònù ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Òṣogbo. Mo gba àyè lọ́wọ́ Sísítà, mo tiro lọ sídìí tẹlifóònù tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó so wá pọ̀. Ohùn rẹ̀ ń bọ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀ láti inú àmù. Ó kọ́kọ́ kí mi ní oríkì, oríkì tí n kò gbọ́ láti ọdún méjìlá. Mo ní kó dákẹ́ ná, mo sọ fún un pé wọ́n fẹ́ gé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi.

Ohùn rẹ̀ tún dé láti inú àmù náà.

"Kí ló ṣe é?"

"Wọ́n ní ó ti kú, Bọ̀dá."

"Ìka ẹsẹ̀ a máa kú kí olúwa rẹ̀ má kú? Gbọ́ mi dáadáa. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ kàn ọ́. Àgbo wà nílé, ewé wà. Bí o ṣe rí nígbà tí o lọ ni kí o ṣe rí bọ̀ wá fún wa. Máa bọ̀ ní ulé."

Bí ó ṣe pè é nìyẹn, ulé, bí ìyá wa ṣe máa ń pè é. Mo mọ̀ pé dókítà yẹn kàwé. Mo mọ̀ pé Bọ̀dá kò mọ ohunkóhun nípa àtọ̀gbẹ. Ṣùgbọ́n fún ọdún méjìlá, ẹ̀yin ènìyàn mi, kò sí ẹni tó sọ fún mi pé kí n máa bọ̀ níbì kan. Wọ́n ń sọ fún mi pé kí n sún sẹ́yìn. Wọ́n ń sọ fún mi pé yàrá ti tán. Nígbà tí ènìyàn bá wá sọ pé máa bọ̀, pé àga kan wà tí kò sẹ́ni tó jókòó lé e nítorí rẹ, ta ni yóò máa ro ti ìka?

Mo fọwọ́ sí ìwé mìíràn, tó sọ pé ìfẹ́ inú mi ni mo fi kúrò ní ilé ìwòsàn. Mo ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ oyè fún Sísítà. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ká ìwé náà, ó ní, "Ìwọ lo ni ẹsẹ̀ rẹ. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà kò mọ̀ pé o fẹ́ jọba."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ń wá ọkọ̀ òkun tí n óò bá lọ. Mo ń da omi iyọ̀ sí i, mo ń da ọtí sí i, mo ń gbàdúrà sí i. Ní ọjọ́ kẹwàá, mo ṣubú lẹ́nu iṣẹ́ sáàárín àpótí ẹja, ibà ti mú mi débi pé mò ń bá àwọn ẹja sọ̀rọ̀ oyè. Nígbà tí wọ́n gbé mi padà dé ilé ìwòsàn, dókítà kan náà ló yẹ̀ mí wò. Kò bá mi wí. Ó kàn gbé ìka ọwọ́ mẹ́ta sókè kí n rí i. Mo fọwọ́ sí ìwé. Orúkọ mi dà bí orúkọ ẹlòmíràn lójú ìwé náà.

Wọn kò kùn mí lóorun. Ẹ̀yìn ni wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́, gbogbo ìsàlẹ̀ mi sì kú. Wọ́n ta aṣọ dí mi lójú, ṣùgbọ́n wọn kò dí mi létí. Ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí a ń ṣẹ́ egungun ìyẹ́ adìyẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Láàárín èkejì sí ẹ̀kẹta, dókítà bi ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́ léèrè ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé ní ọjọ́ Sátidé.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi tẹ́lẹ̀ ni yíyún. Àtàǹpàkò tí wọ́n ti jù nù ń yún mi lójoojúmọ́. N óò nawọ́ láti họ ọ́, n óò bá afẹ́fẹ́. Sísítà ní ìka ti lọ, orí ló ṣì ń ronú rẹ̀. Mo ro èyí fún ọjọ́ púpọ̀. Mo ní bóyá bí mo ṣe rí fún àwọn ará ilé nìyẹn, ohun tí a ti gé kúrò tipẹ́, tó ṣì ń yún wọn. Wọ́n ń họ ọ́ nínú lẹ́tà, wọ́n sì gbà pé ó wà níbẹ̀.

Mo tún ìrìn kọ́. Ẹ má rò pé ìka kékeré ni àtàǹpàkò. Òun ló ń ti ènìyàn síwájú. Láìsí i, bí mo bá gbé ẹsẹ̀, ara mi yóò fẹ́ wó sí ọ̀tún. Inú ọkọ̀ òkun ni bàbá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́, wọ́n sì ti gé ẹsẹ̀ tirẹ̀ láti orúnkún. Ó ní bí mo bá lè dé ojú fèrèsé láì di nǹkan kan mú, òun yóò fún mi ní ọsàn òun. Ọjọ́ mọ́kànlá ló gbà mí. Mo dúró níbẹ̀, mo bó ọsàn náà, mo pín in fún un. Nínú gbogbo ọdún tí mo lò lọ́hùn-ún, ọjọ́ yẹn nìkan ni àwọn òyìnbó pàtẹ́wọ́ fún mi.

Kí n tó lọ, Sísítà kọ́ mi ní òfin, mo sì yege nínú òfin tirẹ̀. Kí n máa fi dígí wo àtẹ́lẹsẹ̀ mi láràárọ̀. Kí n máa fi ìgunpá wo omi kí n tó fi wẹ ẹsẹ̀. Kí n má ṣe fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ mọ́ láyé, kódà láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ilé ìwẹ̀. Mo ń ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì ń ro ọ̀nà tó lọ láti ilé wa sí ààfin.

Mo kọ̀wé sí Bọ̀dá pé ara mi ti yá, mo ń bọ̀. Kò béèrè ìka, n kò sì dárúkọ ìka. Mo fi òwú di iwájú bàtà ọ̀tún, mo sì bọ̀ wálé.

Ilé Bọ̀dá ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mo kọ́kọ́ sùn. Ó dì mọ́ mi, ó sunkún, ó pa adìyẹ. Ó wo ẹsẹ̀ mi ní ẹ̀ẹ̀kan, ó ní bàtà yẹn dára. Ní ìlú wa, wọ́n ń pè mí ní Lọ́yà láti ojú títì. Mo ń dáhùn. Àwọn ọmọdé ń sáré kiri ní ẹsẹ̀ lásán, èmi nìkan ni mo wọ ìbọ̀sẹ̀ nínú ooru yẹn. Lọ́hùn-ún, wọ́n ń nu àga lẹ́yìn mi. Níhìn-ín, wọ́n ti nu àga sílẹ̀ dè mí, n kò sì lè fi òótọ́ jókòó lé e.

Mo ti pinnu pé n óò bẹ Yèyé Ìpetu. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni, Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n fẹ́ ẹ sí, òun ni àgbà àwọn ọmọ-osú. Ṣùgbọ́n kò fún mi ní àyè láti bẹ̀bẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ oyè, ó gbé agbada omi wọ yàrá, àwọn obìnrin ilé dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kẹ̀yìn sí wa bí àṣà ṣe wí. Òun ló bọ́ bàtà mi. Ó wẹ ẹsẹ̀ òsì, ó ń kà sókè kí wọ́n lè gbọ́: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ọ̀tún. Òwú jábọ́ sílẹ̀. Láti orí ọmọ-ìka tó kéré jù ló ti bẹ̀rẹ̀: ẹ̀fà, èje.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Mo rí i tó ń wo ojú àpá náà. Ó wá fi ìka kan àpá náà, ní ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ì bá wà.

"Ẹ̀jọ," ó wí. "Ẹ̀sán. Ẹ̀wá."

Àwọn obìnrin hó yè. Ó nu ẹsẹ̀ mi gbẹ, ó fúnra rẹ̀ wọ ìbọ̀sẹ̀ fún mi, ó sì jáde. Mo sùn bí ọba. Kí n má purọ́ fún yín, mo tilẹ̀ ti yan ẹni tí n óò fi ṣe akọ̀wé mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òun ló jí mi. Bàtà mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti fi òróró nù ún.

"Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Kò dùn mí mọ́, Yèyé."

"Mo kà á pé lánàá kí wọ́n má baà fi ọ́ kọrin lẹ́nu ọ̀nà. Ti òní, ìbúra ni, ọmọ mi. N kò ní í búra èké lórí àga bàbá mi. Ọkọ̀ Òṣogbo kan ń dúró lẹ́yìnkùlé. Wọn yóò gbọ́ pé àìsàn ló dé sí ọ, pé o ti lọ gba ìtọ́jú."

Mo bi í pé ta ni wọ́n wá fẹ́ fi jẹ. Ó kúnlẹ̀, arúgbó bẹ́ẹ̀, ó ń so okùn bàtà mi.

Ẹ̀yìnkùlé kò ṣeé dé láì gba inú àgbàlá kejì kọjá. Bọ̀dá Jékọ́bù jókòó níbẹ̀ lórí àpótí, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nínú omi. Aṣọ oyè funfun wà lọ́rùn rẹ̀, ó bá a mu ní èjìká, ó bá a mu ní apá, wọ́n sì ti fi òwú funfun ṣe iṣẹ́ sí i láti ọrùn dé àyà. Télọ̀ tó yáwọ́ jù ní Iléṣà kò lè rán an tán ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ kò tíì tó ọ̀sẹ̀ kan tí mo délé.

Mo kí i kú oríire. Ó wo bàtà mi, kò wo ojú mi.

"Rọra máa rìn," ó wí.

Mo rọra rìn lọ wọ ọkọ̀.